Bàtà Tí Omi Kò Wọ̀, Ẹsẹ̀ Tí Òtútù Pa

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún tó kọjá, mo dá kẹ̀kẹ́ mi dúró ní àárín pápá olókè kan tí wọ́n ń pè ní Houndkirk, lẹ́yìn ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju pé kí n gbé ẹsẹ̀ òsì kanlẹ̀, kí n sì dúró de àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó kù lẹ́yìn. Mo gbé ẹsẹ̀ náà kanlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó ti kan ilẹ̀. Ó dà bí ẹni pé mo yá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lò. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo ti wà nínú ẹrẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì ti dùbúlẹ̀ lé mi lórí itan.

Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ náà, 140 pọ́n-ùn ni mo rà á. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé omi kò lè wọ̀ ọ́. Èyí gan-an ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ìṣubú lọ.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọmọ Ìbàdàn ṣe dé orí òkè nínú òtútù. Iṣẹ́ ló gbé ọkọ mi wá sí Sheffield, èmi sì tẹ̀lé e. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn. Èmi ń jókòó sílé ti kọ̀ǹpútà, mò ń kọ̀wé, mò ń ṣe ògbufọ̀. Bí ó bá wọlé láàárọ̀, oorun ló kàn; bí ó bá fi máa jí, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ, oòrùn a máa wọ̀ ní Sheffield kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójúkojú, àyàfi ọkọ mi àti ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ àdúgbò wa.

Kẹ̀kẹ́ ló yọ mí nínú àdánìkanwà yẹn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Sheffield ló bọ́ sínú Peak District, ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Britain ní ọdún 1951. Nítorí náà, ènìyàn lè gun kẹ̀kẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kí ó sì wà láàárín pápá, òkúta àti àgùntàn kí wákàtí kan tó pé. Aládùúgbò mi kan ló sọ fún mi nípa àwọn obìnrin kan tí wọ́n máa ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè ní gbogbo Sátidé. Mo ra àlòkù kẹ̀kẹ́ kan tí táyà rẹ̀ nípọn, mo sì bá wọn lọ nínú oṣù Òkúdù. Wọ́n mú mi wọ igbó Lady Cannings, níbi tí ọ̀nà tóóró ti ń lọ́ kiri láàárín igi. Wọ́n mú mi gba Houndkirk, ọ̀nà àtijọ́ tí kò ní ọ̀dà, tó kún fún òkúta àti kòtò. Mo ṣubú, mo dìde, mo rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà wa ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi ti rìn jìnnà, mo sì ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ tèmi.

Ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, ó sì ní kí èmi náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, n kò pè é ní nǹkan kan; bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá rìn dé iwájú rẹ̀ kí n tó la ẹnu. Nínú ọkàn mi, Ìyá Ẹgbẹ́ ni mò ń pè é.

Nígbà ooru, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé tó bá di oṣù Bélú, wọn kò ní rí mi mọ́. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbé e pamọ́ sínú. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn, mo sì pinnu pé wọn kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láé pé òtútù ń mú mi.

Oṣù Bélú dé, bàtà kánfáàsì tí mo fi gun kẹ̀kẹ́ nígbà ooru sì di kànìnkànìn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi í: ṣé omi ń wọ̀ ọ́ àbí kì í wọ̀ ọ́? Mo rí ọ̀kan tó rẹwà, tó ní irin kékeré nísàlẹ̀ tí a fi ń so bàtà mọ́ pẹ́dà, nítorí irú rẹ̀ ni àwọn tó yára jù nínú ẹgbẹ́ wa ń wọ̀. Ìwọ̀n tí mo máa ń wọ̀ gan-an ni mo rà. N kò fi ẹsẹ̀ kàn án kí n tó sanwó. Owó tí mo rí lórí iṣẹ́ ògbufọ̀ oṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ tán. Mo fi ara mi lọ́kàn balẹ̀ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ní ọjọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìwọ̀n 3 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ojú ọjọ́ wà ní àárín ìlú. Bí ènìyàn bá sì gun òkè tó tó 300 mítà, òtútù a máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 2 lé sí i, kí a tó mẹ́nu kan afẹ́fẹ́. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ olówùú méjì léra wọn, gẹ́gẹ́ bí Màámi ṣe kọ́ wa nígbà ọyẹ́ pé bí òtútù bá mú, kí á wọ aṣọ lé aṣọ. Mo ki ẹsẹ̀ bọ inú bàtà tipátipá, mo sì fa okùn rẹ̀ le.

Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo dákẹ́. Nígbà tó yá, ìrora náà lọ, inú mi sì dùn. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ti mọ́ òtútù lára ni. N kò mọ̀ pé ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń roni nínú òtútù, ó ṣì ń bẹ ni pé kí a gba òun. Ìgbà tó bá dákẹ́ ló yẹ kí ẹ̀rù bani. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìyá Ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi nígbà tí mo ṣubú. Ó fa bàtà òsì yọ, ó sì dà á kodò. Omi ṣàn jáde nínú rẹ̀ bí ẹni da omi inú ife nù. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ti pàwọ̀ dà, wọ́n rí bí eérú. Ó jókòó sórí òkúta, ó ṣí ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fẹ́ gbé ẹsẹ̀ mi lé awọ ikùn ara rẹ̀.

Mo fà á padà. Ọmọ Yorùbá ni mí. A kì í na ẹsẹ̀ sí àgbàlagbà, áḿbọ̀sìbọ́sí ká gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lé e níkùn. Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ máa lo àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ẹlòmíràn fẹ́ bá mi fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà kó lè gbóná, ó kọ̀, ó ní ẹsẹ̀ tó ti kú bẹ́ẹ̀, wọn kì í rà á, wọn kì í sì í gbé e sínú omi gbígbóná tàbí sítòsí iná, nítorí yóò jóná láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Ooru ara ènìyàn ló dára jù fún un.

Ìbéèrè rẹ̀ kejì ló ká mi lára: “Láti ìgbà wo ni o kò ti mọ ẹsẹ̀ yìí lára mọ́?” Mo ní yóò ti tó wákàtí kan. Ó wò mí títí, kò sì sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú ẹsẹ̀ náà, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo délé, ọmọ ìka mẹ́ta ti wú, wọ́n sì ń yún mí débi pé n kò lè sùn. Olùpoògùn tí a lọ rí ní chilblains ni wọ́n ń pè é, pé yóò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta bí n kò bá họ ọ́, tí mo sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa gbóná. Ó rí bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò dúró dìgbà yẹn. Ó ní, “Àṣàkẹ́, ó tó gẹ́ẹ́.” Màámi pè láti Ìbàdàn, wọ́n ní, “Àṣàkẹ́, kí lo sọnù sórí òkè tí ò ń wá?” Mo ní, “Ẹ má bínú, mà.” Mo ya àwòrán kẹ̀kẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ tà á.

Kí n tó rí ẹni rà á, Ìyá Ẹgbẹ́ wá kí mi. Ó ní kí n gbé bàtà náà wá, ó gbé e sórí tábìlì ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹní ń yẹ adìyẹ wò lọ́jà.

Ó ní bàtà náà kò jò rárá. Omi kò gba ara rẹ̀ wọlé. Ẹnu rẹ̀ ló gbà wọlé. Ọrùn rẹ̀ kúrú, kò bo kókósẹ̀. Omi tó ta láti ara táyà àti èyí tó ń ṣàn láti ara ṣòkòtò mi, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn rọra ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Bí wọ́n sì ṣe wọlé, ohun tí kò jẹ́ kí omi wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n jáde. Lójú ẹsẹ̀ ni mo rántí bàtà òjò tí a máa ń wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bí a bá ti kó sínú àgbàrá tó ga ju ọrùn bàtà lọ, ó parí. A ó máa gbé omi kiri dé ilé, ẹsẹ̀ a sì hun jọ. Mo ti mọ ẹ̀kọ́ yìí láti ọmọ ọdún méje. N kò kàn mọ̀ pé ó kan bàtà olówó iyebíye náà ni.

Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín irú àwọn bàtà bẹ́ẹ̀. Gbajúmọ̀ jùlọ nínú wọn ni Gore-Tex, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí Bob Gore ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, nígbà tó fa irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, tí ó sì nà jáde lójijì. Àwọn ihò ara rẹ̀ kéré púpọ̀ ju ẹ̀kán omi lọ, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi tó fún ooru òógùn láti jáde. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ omi tó ti rọ̀gún sínú bàtà kì í ṣe ooru òógùn mọ́. Kò rí ọ̀nà gbà. Omi sì ń gba ooru lára ènìyàn ní ìlọ́po tó lé ní ogún ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á lọ.

Ohun kejì ni irin. Ó dojú bàtà náà kọlẹ̀, ó sì fi hàn mí pé irin tó so ó mọ́ pẹ́dà wà lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ mi tẹ̀ jù lọ. Irin a máa gbé òtútù pẹ́dà kọjá sínú bàtà. Ó ní kì í ṣe pé irú bàtà bẹ́ẹ̀ kò dára. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ nígbà òtútù máa ń tẹ́ ìtẹ́nú tó nípọn sí i, wọ́n sì máa ń fi téèpù dí ojú ihò ibẹ̀ láti inú. Èmi kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ohun kẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Ó ní kí n ki ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tí kò dùn mí, bọ bàtà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n jó pẹ̀lú àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀. Wọn kò lè mira. Ó ní, “Ẹsẹ̀ rẹ kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà.” Bí òtútù bá mú, ara a máa ṣe bíi baálé ilé tí oúnjẹ kò tó lọ́wọ́ rẹ̀: ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ ni yóò kọ́kọ́ bọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni yóò dín tiwọn kù. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó sì kù fún ẹsẹ̀ mi, èmi fúnra mi ni mo fi ìbọ̀sẹ̀ kejì àti okùn bàtà dí ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló yí gbogbo bí mo ṣe ń ronú nípa bàtà padà. Ooru inú bàtà, bàtà kọ́ ló ń dá a. Ara ló ń dá a, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e wá. Iṣẹ́ bàtà kò ju pé kó bá wa tọ́jú rẹ̀ lọ. Èmi ń ra ohun tí yóò lé omi jáde, n kò sì ra àyè fún ẹ̀jẹ̀ láti wọlé. Ẹsẹ̀ tó rin díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀ sàn ju ẹsẹ̀ gbígbẹ tí a fún pa.

Mo ta bàtà àkọ́kọ́ fún ẹlòmíràn ní 80 pọ́n-ùn. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi san tán, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra mi, ìrọ̀lẹ́ ni mo sì lọ, nítorí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Mo mú ìbọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ máa wọ̀ dání. Ẹyọ kan ni, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, nítorí òwú a máa mu omi, a sì máa tutù mọ́ni lára, ṣùgbọ́n irun àgùntàn lè mu omi tó tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ó rin. Bàtà tí mo mú fi ìwọ̀n kan ju èyí tí mo máa ń wọ̀ lọ. Ọrùn rẹ̀ ga kọjá kókósẹ̀, ó sì fún mọ́ ibẹ̀ dáadáa, kí ṣòkòtò lè bò ó lójú, kí omi lè máa ṣàn gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Kò ní irin nísàlẹ̀; rọ́bà alẹ̀mọ́ ni ìdí rẹ̀, mo sì pààrọ̀ pẹ́dà mi sí pẹlẹbẹ. Ilé iṣẹ́ Five Ten, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàtà àwọn tó ń gun àpáta, ló sọ irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Kí n tó sanwó, mo dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jó. Bí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín kò bá lè jó nínú bàtà, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Ẹni tí kò bá lówó bàtà tuntun ṣì ní ọ̀nà. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn, ẹ fi ọ̀rá búrẹ́dì bò ó, kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà yín àtijọ́, bí kò bá ti fún yín. Màámi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ èyí fún wọn. Ọ̀rá tí à ń dé sórí nílé kí òjò má ba irun jẹ́, àwọn kan ń wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ níbí. Òógùn kì í rí ọ̀nà jáde nínú rẹ̀, nítorí náà kò dára fún odidi ọjọ́, ṣùgbọ́n ó tó fún wákàtí kan tàbí méjì. Ìbora rọ́bà tún wà tí a máa ń wọ̀ lé bàtà lórí. Bí ẹ bá sì délé, ẹ yọ ìtẹ́nú bàtà síta, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti rin. Ẹ má gbé bàtà lé ẹ̀rọ amúlégbóná; gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ lè tú, awọ rẹ̀ a sì gan. Ẹ má gbàgbé ara tó kù: bí òtútù bá mú àyà àti itan, kò sí bàtà tí yóò gba ẹsẹ̀ là.

Ní òpin oṣù Èrèlé, mo padà sí Houndkirk. Òjò ti rọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Mo gba inú kòtò kan náà kọjá, omi díẹ̀ tilẹ̀ ta wọ inú bàtà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń gbóná. Nígbà tó tó nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ẹnu mi wúwo, mo rántí ẹ̀fẹ̀ oṣù Bélú, síbẹ̀ mo sọ ọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi ti ń tutù.”

Gbogbo wa dúró. Obìnrin tó fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò mọ ọmọ ìka òun méjì lára mọ́ láti ìgbà tí a ti kúrò nínú igbó. Ẹlòmíràn ní tòun náà ti ń ta òun. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé èmi nìkan ni òtútù ń mú, tí mò ń há eyín, àwọn náà ń há tiwọn. A sọ̀ kalẹ̀, a fi ẹsẹ̀ rìn, a ń ti kẹ̀kẹ́ lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí ìrìn a máa pe ẹ̀jẹ̀ padà sínú ẹsẹ̀. Nígbà tí a tún gun kẹ̀kẹ́, mo mọ gbogbo ọmọ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lára.

Mo ti dẹ́kun pípe Ìyá Ẹgbẹ́ nínú ọkàn nìkan. Mo pè é bẹ́ẹ̀ sókè lọ́jọ́ náà, mo sì ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ti ń jẹ́ orúkọ náà láti ìgbà yẹn. Ọkọ mi ló ń fi ìwé ìròyìn ki bàtà mi báyìí bí mo bá wọlé. Màámi kò sì bi mí mọ́ pé kí ni mo sọnù sórí òkè. Bí wọ́n bá pè ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọn kì í tilẹ̀ dúró kí n kí wọn tán.

“Àṣàkẹ́, ṣé o mọ ẹsẹ̀ ẹ lára?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà.”